Ẹ̀ka Tí Kò Dé Òkè

Ọjọ́ tí tíṣà wa ya igi sójú bọ́ọ̀dù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ayé òyìnbó ni, ní Ọ̀tà níbí. Táyé, ìkejì mi, kò lè wá sílé ìwé lọ́jọ́ náà nítorí ibà.

Tíṣà ní ìdí igi kan ṣoṣo ni gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ti yọ. Ó fi ẹja sí ẹ̀ka kan, ẹyẹ sí òmíràn, ó wá fi ọ̀bọ àti ènìyàn sí ẹ̀ka méjì tó súnmọ́ra. Inú mi dùn. A kì í jẹ ẹran ọ̀bọ nílé wa. Ìyá mi ní ìbátan ìbejì ni ẹdun.

Àwọn ẹ̀ka kan kò dé òkè. Mo bèèrè ìdí rẹ̀.

Tíṣà ní, "Àwọn yẹn ti kú tán. Wọn kò ní padà mọ́."

Nígbà tí a jáde, mo sáré lọ sílé láti sọ fún Táyé pé tíṣà pàápàá gbà pé ìbátan wa ni ẹdun. Èrò kún àgbàlá wa. Wọ́n ti ká ẹní Táyé kúrò nílẹ̀.

Ìyá mi fà mí mọ́ra. Ó ní, "Kẹ́hìndé, Táyé ti lọ sí Èkó."

Bí wọ́n ṣe ń wí fún ìbejì tó ṣẹ́kù nìyẹn. Wọn kì í sọ pé ó kú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Táyé kò lè rìn dé ìdí kànga. Ẹ̀ka tí kò dé òkè ni mo ń rí.

Mo ní, "Ìgbà wo ni yóò dé, Ìyá mi?"

Ó ní yóò pẹ́ díẹ̀.

Títí ìyá mi fi kú, n kò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Tó bá ti se oúnjẹ, èmi ni mo máa ń rán an létí pé kó bu ti Táyé sílẹ̀.