Ìràwọ̀ Orí Géètì

Èmi ni mo kọ òfin náà. Nítorí pé oníròyìn ni mí, àwọn onílé àdúgbò wa lẹ́yìn Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, fi mí ṣe akọ̀wé. Tiransífọ́mà wa ti jó ní Kérésì tó ṣáájú, a sì wà nínú òkùnkùn fún oṣù bíi mélòó kan. Gbogbo wa gbà pé iná ọ̀ṣọ́ tí oníkálukú fà yí ògiri ilé rẹ̀ ká ló fà á. Mo kọ ọ́ ní ìlà méjì: iná ọ̀ṣọ́ Kérésì tàbí ti Iléyá kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún, ẹni tó bá rú u, a ó gé wáyà rẹ̀.

Ní ìpàdé oṣù kìíní, ìyá kan dìde. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ni ọkọ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìràwọ̀ pupa kan ń tàn lórí géètì wọn. Ó bẹ̀ wá pé ká fi tiwọn sílẹ̀, pé sólà ló ń lò, kò kan tiransífọ́mà.

"Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe, Màmá?" ni alága bi í. "Kérésì ti lọ."

"Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n kúkú tún pa adìẹ mìíràn fún Bàbá. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Alága ṣàlàyé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé tí a bá fi tiwọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tí a ó lè dá lẹ́kun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Màmá fúnra rẹ̀ gun àga, ó tú u.

Ohun tí kò sọ ni pé Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Kò fẹ́ kí àdúgbò máa pe ọkọ òun ní wèrè. Ìràwọ̀ yẹn ni Bàbá fi ń mọ ilé nírọ̀lẹ́, tó bá ti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò bọ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, mọ́sálásí tó wà ní òdìkejì títì so gílóòbù pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òfin wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"A máa ń fún un ní ọsàn ká tó mú un lọ sílé," ni ládàánì sọ fún mi. "A rò pé ó fẹ́ bá wa ṣínu ni. Ó máa ń bi wá pé ṣé ìyàwó òun ò sí nílé ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò dé ọ̀hún. Ọ̀kadà kọlù ú láàárín títì, egungun ìbàdí rẹ̀ kán.

Mo lọ kí wọn. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

"Mo sọ fún yín pé ó fẹ́ràn rẹ̀," ó ní. "Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ lójú gbogbo èèyàn?"

Alága ní kí n tún òfin náà kọ, kí n yọ tiwọn sílẹ̀. Mo tún un kọ, mo mú un lọ. Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó fi í sábẹ́ Bíbélì. Ìràwọ̀ náà ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá kì í jáde mọ́.