Ìkíni Ló Tú Àṣírí Mi Lórí Fóònù

Ẹ gbà mí o, ẹnu mi ló kó bá mi lónìí!

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti gé láìnì fóònù ilé wa ní Ìlódè. Lọ́sàn-án yìí, mo gbé fóònù wa tí kò ní wáyà dé ojú fèrèsé, ló bá ń dún "hùùù" sí mi létí. Mo mọ̀ pé láìnì Màmá ilé kejì ló gbà wọlé, torí irú fóònù kan náà la jọ ní, tiwa sì máa ń gba tiwọn láti inú afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n o, mo sì tún pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn.

A ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Màmá gbé fóònù orí tábìlì wọn.

"Ta nìyẹn?"

Ǹ bá ti dákẹ́. Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi: "Ẹ káàsán, Mà."

"Bọ́sẹ̀! Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti fóònù yìí, ọmọ mi ń rọbí lọ́sibítù!"

"Ẹ má bínú, Mà. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá."

"Tí ilẹ̀kùn mi bá ṣí sílẹ̀, ṣé o kì í kágò kí o tó wọlé ni?"

Mo pa fóònù kíá. Láti ìgbà náà, mi ò lè jókòó. Mo ti yọjú yọjú, mi ò gbọ́ ariwo ayọ̀ kankan lọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ sì ń yún mi láti tún gbé fóònù, kí n fetí sí i bóyá wọ́n ti pe Màmá láti ọsibítù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láìnì tó gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi, nínú èmi àti òun, ta ló yẹ kó kágò?