Ìbúra tí Bàbá Aránṣọ Kò Jẹ́ Búra

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò tíì bọ́ sùtánà, ni mo gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi nílé ìdáná. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí pọ́n-ùn mẹ́wàá. "I swear down, on Mum's life, mo ti fún ẹ!" Ó búra tán, ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Àyà mi já. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀ ń búra bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Rippleside, nílùú òyìnbó níbí, ìyá mi máa ń ránṣọ fún bàbá Júù kan ní Ripple Road. Bàbá Aránṣọ là ń pè é. Ẹfun tó fi ń sàmì sáṣọ kì í kúrò létí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù kan, ìyá mi ń ṣẹ́tí ṣòkòtò, ó ń ṣojú bọ́tìnnì, títí ìka rẹ̀ fi wú. Owó iṣẹ́ yẹn la fẹ́ fi san owó ilé, nítorí onílé ti ní òun yóò kó ẹrù wa síta.

Nígbà tó tó àkókò àtigba owó, Bàbá ní ìdajì ló kù, òun ti san ìdajì ṣáájú Kérésì. Ìyá mi ní òun kò gba kọ́bọ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn tó máa ń jọ mu tíì kò kí ara wọn mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ bá rábì òun, àlùfáà àwọn Júù.

Rábì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ó ní nínú òfin àwọn, ẹni tó bá gbà pé òun jẹ apá kan gbèsè gbọ́dọ̀ gbé àkájọ ìwé Òfin dání, kó fi orúkọ Ọlọ́run búra lórí ìyókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó san gbogbo rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó jẹ́wọ́ díẹ̀ ni wọ́n di ẹrù rù.

Bàbá dìde. Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó tún fà á sẹ́yìn. Ó ní òun mọ̀ pé òun san án, ṣùgbọ́n arúgbó a máa gbàgbé nǹkan, òun kò sì ní fi orúkọ Ọlọ́run ta tẹ́tẹ́. Òun yóò san gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi wò ó títí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, orí irin ni wọ́n ti ń búra nílé bàbá rẹ̀. "Ẹni tó bẹ̀rù ìbúra báyìí kì í ṣe olè," ó sọ fún mi jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n pín owó tí wọ́n ń jà lé lórí sí méjì, kí oníkálùkù gbé tirẹ̀. Nígbà tí owó ilé kò pé, Bàbá gbé iṣẹ́ mìíràn fún un, ó sì sanwó ṣáájú. Láti ìgbà náà, ojú mi ló ti ń ka owó sí i lọ́wọ́, súìtì tó ń fún mi sì ni owó ẹlẹ́rìí mi. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó gbàgbé nínú wọn.

Bàbá ti lọ, ìyá mi ti lọ, fóònù ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àlùmọ́gàjí tí Bàbá fi sílẹ̀ fún ìyá mi ló kù lọ́wọ́ mi. Mo gbé e ka iwájú ọmọ-ọmọ mi. Aládùúrà ni mí, a kì í bọ irin. Mo kàn fẹ́ kó mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe wúwo tó.

"Gbọ́wọ́ lé e, kí o tún un sọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó wo irin náà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́, kò jẹ́ kó kàn án.

"Grandma, wait. Maybe mo gbàgbé."

Ó yọ pọ́n-ùn mẹ́wàá fún àbúrò rẹ̀. N kò bi í bóyá ó ti san án tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i pé ẹ̀rù ìbúra yẹn kò tíì kú nínú ilé wa, ọkàn mi sì balẹ̀.