Ìgò Abẹ́rẹ́ Tí Memunat Ò Kà

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Memunat Rájí jẹ́, kó tẹ̀ lé e lọ ra tòmátì lọ́jà Sandgrouse. Yóò ka tòmátì inú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò yí ìdí wọn wò, yóò tún wọn kà, títí ẹni tó ń tà á yóò fi bi í bóyá ó fẹ́ fi wọ́n sílé ìwé ni. Ní agboolé wọn n'Ísàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tó ti ń ka ìrẹsì inú àwo rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá lọ fọwọ́ sí ohun tí kò kà.

Nọ́ọ̀sì ni, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí nílé ìwòsàn kan ní Erékùṣù. Ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló wà, níbi tí wọ́n ti ń lo mọ́fíìnì, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora tó le. Inú àpótí irin ni wọ́n ń tì í mọ́, torí àwọn kan wà níta tó lè ta bàtà ẹsẹ̀ wọn nítorí rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń lọ sílé tí òmíràn ń gbaṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ ṣí àpótí, wọ́n á jọ ka ìgò, wọ́n á jọ fọwọ́ sí ìwé. Òfin ni.

Ṣùgbọ́n òfin náà máa ń yà fún Sístà Yéwándé lọ́nà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, oṣù méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Memunat bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò. Bó bá wọ wọ́ọ̀dù, aláìsàn tó ń kérora á kọ́kọ́ jókòó dáadáa ná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó na kọ́kọ́rọ́ àpótí sí Memunat.

"Ogún ni, ọmọ mi. Ó ti pé. Fọwọ́ sí i."

Memunat wo àpótí, ó wo ojú àgbà. Kéèyàn tún máa ka ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti kà, lójú rẹ̀ kòrókòró, ó dà bí ìyàwó tó ń gbóòórùn oúnjẹ tí ìyá ọkọ gbé kalẹ̀ kó tó fẹnu kàn án. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Ọláyínká wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, kò sí ìtìjú láàárín wọn, wọ́n kà á. Mẹ́rìnlá. Wọ́n tún un kà. Mẹ́rìnlá náà ni. Bẹ́ẹ̀ wọn ò gún ẹnì kankan ní mọ́fíìnì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Kúẹ́rì, ìwé tó ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, dé lọ́jọ́ kejì. Kọmítì ìbáwí máa jókòó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá rí i pé ó jalè, wọ́n á kọ̀wé sí Àbújá kí wọ́n gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ yẹn, ìyá rẹ̀ ti fi férémù sí i, ó wà lára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà.

Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, àmọ́ n'Ísàlẹ̀ Èkó ó ń wọ Màrúwá. Ìgò mẹ́fà ló sọnù nílé ìwòsàn. Nígbà tó fi máa dé Jankara, ó ti di ọgọ́ta. Kó tó dé Apọ́ngbọ̀n, ó ti di páálí mẹ́fà, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù ló wá kó o, pé awakọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ fọ́jú kan.

Àbúdù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń rán fìlà lẹ́nu ọ̀nà agboolé, gbà á nímọ̀ràn.

"Sọ pé o kà á. Sọ pé mẹ́rìnlá lo rí, pé ìyá yẹn ló ní kó o kọ ogún."

"Mi ò kà á, Bàbá."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Ìwọ ò sí nínú kọmítì."

Memunat rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí kúẹ́rì ti dé. "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n á lé, lórí ohun tí mi ò fojú rí."

"Bí o ò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wọ́n á lé." Àbúdù fi eyín já òwú. "Ó dáa. Lọ ṣe àlùwàlá, kó o kírun."

Nígbà tọ́jọ́ pé, èèyàn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká, lábẹ́ fáànù tó ń yí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Dókítà Fúnṣọ́ ni alága. Sístà Yéwándé jókòó lẹ́bàá fèrèsé bí ẹlẹ́rìí, ó gbé báàgì lé itan.

"Nọ́ọ̀sì Rájí, mélòó lo kà?"

"Mi ò kà á, sà."

"O fọwọ́ sí ogún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀bi mi ni."

"Kí ló dé tí o ò kà á?"

"Àgbà ló ti kà á, sà. Ojú tì mí."

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo tábìlì. Kò sí èyí tó ti ka nǹkan lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ rí nínú wọn.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé Sístà Yéwándé ló kó o?"

"Rárá, sà. Ohun tí mi ò rí, mi ò lè sọ ọ́."

Sístà Yéwándé ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú áńkáṣíìfù kan jáde, ó tú kókó rẹ̀. Gíláàsì fífọ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà," ló wí. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí arúgbó máa lọ sílé. Mo rò pé wọ́n á kàn ní ìṣirò ló ṣì ni. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yìí ni wọ́n á pè lólè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé e kiri, ọwọ́ mi ò gbà á láti jù ú nù."

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkùnrin tó ń ṣọ́ oògùn, fi bírò ya ọrùn ìgò sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà.

Wọ́n ní Memunat kò jalè, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sí ohun tí kò kà ti kọ irọ́ sínú ìwé: kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Ìwé àṣẹ ò kúrò lára ògiri. Wọ́n fún Sístà Yéwándé ní lẹ́tà ìbáwí, ó sì fẹ̀yìn tì lóṣù náà, kí àsìkò rẹ̀ tó pé, láìṣe ayẹyẹ. Nígbà tó wá tọrọ àforíjì ní agboolé, Àbúdù gbé àga fún un, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ àga náà ná kí ìyá tó jókòó. Ìyá náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí Memunat padà sẹ́nu iṣẹ́, Sístà Mùtíátù ló fẹ́ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, àgbà tí àwọn dókítà pàápàá ń sá fún.

"Ogún ni," ni Sístà Mùtíátù wí, ó na kọ́kọ́rọ́. "Ó ti pé."

Memunat fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó kí i kíkí tó pé, ó wá fa àpótí mọ́ra láìdìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta."

"Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rin, àrún."

"Dìde ńlẹ̀, aṣọ funfun ń dọ̀tí."

"Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

Sístà Mùtíátù fa gíláàsì ojú rẹ̀ yọ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí.

"Ẹ̀fà," ló wí.