Irun Ojú Àmúdàtù

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kọ́sítáàdì ní gúúsù Kàdúná ni Àmúdàtù ti ń ṣiṣẹ́. Àdúgbò Kamazou níbẹ̀ ló ń gbé, àsàláátù kan náà lèmi àti òun sì jọ ń lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó fi òun ṣe olórí yàrá tí wọ́n ti ń di ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá. Nígbà tí àyè náà ṣí sílẹ̀, Zuwera, ọmọ Ìlọrin tí Àmúdàtù fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ni Mahmud, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, fi síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rín Zuwera pàápàá ń ta á lára.

Ṣáájú èyí, Àmúdàtù ti gbọn àpò ìyẹ̀fun àgbàdo nítòsí sítóòfù nílé rí. Ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ kò léwu. Èyí tó bá fò kún afẹ́fẹ́ ló ń gbaná bíi bẹntiróòlù. Iná fò mọ́ ọn lójú, ó jó irun òkè ojú rẹ̀ kan dànù, kò sì hù dáadáa mọ́. Zuwera a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Kaosarah, irun ojú yín kan ti re Mẹ́kà, ó ku ìkejì."

Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ilé-iṣẹ́ náà, Zuwera ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbọn ìyẹ̀fun tó kó jọ sórí irin òrùlé. Gbogbo yàrá funfun báláú. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru lẹ ẹnu ọ̀rá ṣì ń ṣiṣẹ́, wáyà rẹ̀ sì ń ta iná pàrà.

Àmúdàtù dúró. Ó sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn ni pé kí iná ṣẹ́ yọ, kí ọ̀gá rí irú ẹni tó yàn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wà nínú yàrá. Ó sáré pa iná ẹ̀rọ náà.

"Haba, Ìyá Kaosarah," ni Zuwera wí, "ṣé ìlara yìí náà ni?"

"Ìlara ni. Àmọ́ wo ojú mi."

Zuwera wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí gbogbo wọn jáde títí ìyẹ̀fun á fi balẹ̀, kí wọ́n wá fi àkísà tútù nù ún. Ó sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọn ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́.

Àwọn aláyẹ̀wò yin òfin náà. Ọ̀gá Mahmud yin Zuwera lójú gbogbo wọn. Zuwera gba ìyìn náà, kò dárúkọ Àmúdàtù. Òfin Zuwera ni wọ́n ń pè é dòní.

Ní àsàláátù, Àmúdàtù dúpẹ́ pé iná kò jó ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ṣàdúà fún Zuwera nítorí òfin náà, àmín Àmúdàtù kò jáde. Ó bi mí bóyá Ọlọ́run kò rí òun ni. Mo ní Ó rí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rọrùn fún mi láti sọ ọ́.