Omi Òòfà Tí Mo Kọ̀ Láti Mu

Òórùn èèpo àgbọn tó ń jó àti ti ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé ọkọ mi, létí òkun Àgbádárìgì. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ìkòkò omi kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń mu. Ẹni tó bá gbé omi tirẹ̀ sọ́tọ̀, bí ẹni ń sọ pé òun ń fura sí ará ilé ni.

Nígbà tí iyọ̀ òkun wọ kànga wa, omi ìkòkò yẹn ò ṣeé mu mọ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wà nínú oyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Nọ́ọ̀sì sọ fún un níṣojú mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru jù, kó má mu omi iyọ̀ yẹn mọ́, torí ẹ̀mí méjì ló fi ń ṣeré.

A ti ń múra àtimáa pọn omi láti Mowo, níbi tí iyọ̀ ò tíì wọ kànga wọn, ni oníṣòwò kan gbé òòfà dé. Ó de irin dúdú méjì mọ́ páìpù tó ń fa omi kànga, ó ní òòfà á fa iyọ̀ kúrò, omi á sì dùn. Bàbá ọkọ mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ti dùn. Ta ló máa ní kò dùn? Gbogbo ilé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ iléèwé nípa òòfà mọ̀ pé ó lè ti iyọ̀ inú omi tó ń ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú omi. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ fi Ègùn bú mi, wọ́n wá fi Yorùbá parí ẹ̀: "Ìyàwó ilé kì í kọ́ baálé bí wọ́n ṣe ń mu omi."

Inú bí mi, àní ó bí mi gan-an. Lọ́sàn-án gangan, mo gbé ìkòkò kaná láàárín agbo ilé, mo bu omi òòfà sí i, mo ń koná mọ́ ọn bí àwọn ìyá wa ṣe ń se iyọ̀ láyé àtijọ́. Èéfín ń ta mí lójú, mi ò dìde. Nígbà tó gbẹ, iyọ̀ funfun ló lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ha á, mo gbé e fún Bàbá.

"Iyọ̀ tó ti kú nìyẹn," ni wọ́n wí. "Òòfà ti pa á."

"Ẹ tọ́ ọ wò, Bàbá."

Wọn ò tọ́ ọ wò. Wọ́n rí i kedere o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ó dùn níṣojú gbogbo wa, àgbà ò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Mowo, mo sì gbé omi tí mo rí bọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá aboyún. Ó bú sẹ́kún. "Ìyáálé mi, wọ́n á lé wa."

"Kí wọ́n lé wa," ni mo wí. "Mu omi."

Títí tó fi bímọ, kò sẹ́ni tó bá wa jẹun pọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ó bí ọmọbìnrin, tìyá tọmọ sì wà láàyè. Bàbá gbé ọmọ náà jó, wọn ò mẹ́nu ba omi, èmi náà ò bi wọ́n. Látìgbà náà, bí àwọn ará ilé bá ní kí n máa gba ohun tí àgbà bá wí kí ilé má baà tú, mo máa ń bi wọ́n pé ta ni kó kú sí i. Ilé tí kò lè dúró àfi bí aboyún bá gbé májèlé mì, ẹ jẹ́ ó tú.