Igi Máńgòrò Lórí Ilẹ̀ Tí A Tọrọ

Ara mi kì í gbà á kí ẹni tó ń wá ilẹ̀ oko kọ́kọ́ béèrè pé èló ni. Bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, mo máa ń sọ fún un pé kó gbé ẹnu rẹ̀ padà sọ́jà. Láwọn abúlé tó yí Ouagadougou ká nígbà ìjọba ológun tí a ń pè ní Révolution, wọn kì í ta ilẹ̀ oko. Títọrọ ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀. Wàá gbé obì àti adìẹ dání, wàá jókòó sílẹ̀ níwájú àgbà tó ni ilẹ̀, ẹni tí àwọn Moosi ń pè ní tengsoba, wàá sì máa kí i títí ìkíni á fi tán lẹ́nu rẹ. Bí ìwà rẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fún ọ níbi tí wàá gbin ọkà sí. Ilẹ̀ náà kò wọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo olówó ló lè rí i.

Moosi ni ìyá mi, Yorùbá tó ń ta aṣọ ni bàbá mi. Èdè tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ló jẹ́ kí àwọn ará wa máa wá mi wá sílé mi ní Tampouy. Wọ́n ti wó ọjà ńlá nígbà yẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un kọ́. Aṣọ òkèèrè kò sì tà mọ́, nítorí ìjọba ní kí oníkálukú máa wọ aṣọ tí a hun nílé. Àwọn tí kò di ọkọ́ mú rí láyé wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oko. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọn aṣọ yẹn á bó kí òjò kejì tó rọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin kan tó ń gbé ní àdúgbò Zangouettin. Gánà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ilé tán nígbà tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ. Ó fi ilé àti ibojì bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó gun ọkọ̀ akẹ́rù. Nísinsìnyí, ìsọ̀ rẹ̀ ti bá ọjà lọ, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

Ó ní, "Táńtì, ilẹ̀ tó máa bọ́ wa ni mo ń wá. Bí mi ò bá rí i, mi ò mọ ohun tí a máa jẹ."

Mo gbé e sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì mi, a gba ọ̀nà Ouahigouya lọ. Àgbà abúlé kan fún un nílẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ ni mo kìlọ̀ fún un.

"Gbin ọkà, gbin ẹ̀pà, gbin ilá. Má gbin igi o. Lójú wọn, ẹni tó bá gbin igi ti gba ilẹ̀ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé tiwa yàtọ̀ ni, Táńtì? Ẹni tó gbin obì náà kọ́ ló ń jogún ilẹ̀?"

Ó yé e, àmọ́ ayọ̀ máa ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin, kọ́mítẹ̀ àdúgbò wá síbi ìkómọ. Aṣálẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa, ìjọba sì fẹ́ kí gbogbo ìgbéyàwó àti ìkómọ ní igi tirẹ̀. Wọ́n fún un ní máńgòrò kékeré kan. Àgbàlá tó háyà kò gba ju ààrò ìyàwó rẹ̀ lọ. Ló bá gbé igi ọmọ lọ sóko, ó gbìn ín, ó tún fi ẹ̀gún yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí àgbà náà fi ránṣẹ́ pé bó bá ti kórè tán, kó fi ilẹ̀ òun sílẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn nígbà tó wá rò fún mi. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Àmọ́ ó ti kọ́kọ́ lọ sí kọ́mítẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá níbẹ̀ sì ti sọ fún un pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀ báyìí, pé àwọn lè pe bàbá yẹn wá jẹ́jọ́.

Ó ní, "Ó dáa, Táńtì, ṣebí ìjọba ló ní kí n gbìn ín?"

Òótọ́ ló sọ, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Èmi náà fẹ́ràn Révolution yẹn, mo gbin igi, mo gbálẹ̀ títì. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo bi í pé bó bá ti pe àgbà náà lẹ́jọ́, ta ni yóò máa kí láàárọ̀ tó bá dé oko? Ó lọ ra obì, a sì jọ padà lọ bá àgbà náà.

Àgbà náà gba obì, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi wà ní Abidjan. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá igi ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ wọn, kí ni wọ́n á nàka sí pé tiwọn ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú sí mi.

"Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mi ò fẹ́ gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lé èmi náà rí. Mi ò rí ohun kankan tó ní gbòǹgbò mú kúrò ní Gánà. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi ní ẹyọ kan ni."

Mo túmọ̀ ìyẹn fún àgbà náà. Ọkùnrin náà kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ oko lọ, ó fi ọwọ́ lásán hú igi náà tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbé e wá síwájú àgbà, ó ní, "Tiyín ni. Barka," ìyẹn ẹ ṣeun ní Mooré, èdè ìyá mi.

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo bínú sí àwọn méjèèjì.

Àgbà náà ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ láàárín àgbàlá rẹ̀, ó gbin igi náà, ó da omi sí i. Ó ní kí ọkùnrin náà padà sínú ọkà rẹ̀, nítorí koríko ti ń pọ̀. Ó wá bù lára obì jẹ, ó kọjú sí mi kí n lè túmọ̀.

"Sọ fún un pé bí wọ́n bá ní kí àlejò máa lọ níbí náà lọ́jọ́ kan, kí ọmọ yẹn sáré wá sídìí igi rẹ̀. Ẹni tó bá wá a dé, a ó sọ fún un pé ọmọ ilé wa ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ Mooré díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti yé e kí n tó lanu. Síbẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un sọ.